Rédíò Tí Ń Gbèsì: Ìmọ̀ràn fún Àwọn Àgbẹ̀ àti Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù Agbègbè Òkè-Àró

 

Ní ọdún 1935 ni ìjọba àmúnisìn kọ́kọ́ gbé rédíò oníwáyà wọ ìlú Èkó. Ní ọdún 1939, ó dé Ìbàdàn. Àpótí kékeré kan ni wọ́n so mọ́ ara ògiri, tí wáyà láti ilé-iṣẹ́ ìgbéròyìnjáde wọ inú rẹ̀. Àwọn bàbá wa wo àpótí náà títí, wọ́n sì fún un ní orúkọ tí ó bá ìwà rẹ̀ mu: wọ́n pè é ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Òun a máa bá ènìyàn sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ di alẹ́, ṣùgbọ́n bí ilé olúwarẹ̀ bá ń jóná, kò sí bí ó ṣe lè ké sí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Títí di òní olónìí, bẹ́ẹ̀ ni rédíò tí a fi ń gbọ́ ìròyìn rí.

Rédíò mìíràn wà, èyí tí í máa í sọ̀rọ̀ tí í sì máa í gbèsì. Nípa rẹ̀ ni a fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ nínú ìwé yìí, àti nípa àwọn ènìyàn tí wọ́n ń fi ìfẹ́ inú wọn lò ó fún ire ìlú láìgba owó.

TA NI À Ń PÈ NÍ AFÌFẸ́ṢE RÉDÍÒ?

Afìfẹ́ṣe rédíò kì í ṣe òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ rédíò, kì í sì í ṣe ọlọ́pàá tàbí ọmọ ogun. Ó lè jẹ́ olùkọ́, ó lè jẹ́ awakọ̀, ó lè jẹ́ aránṣọ, ó sì lè jẹ́ àgbẹ̀ bí ẹ̀yin. Ohun tí ó yà á sọ́tọ̀ ni pé ó ti kọ́ nípa iná mànàmáná àti ìgbì rédíò, ó ti ṣe ìdánwò, ó ti yege, ìjọba àpapọ̀ sì ti fún un ní ìwé àṣẹ àti àmì ìpè tirẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, ó lè jókòó nínú yàrá rẹ̀ kí ó sì bá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní ìlú kejì tàbí ní òdìkejì ayé, láìgba ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ fóònù kankan kọjá.

Àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1925, ní ìlú Paris ní ilẹ̀ Faransé, ni wọ́n dá ẹgbẹ́ àgbáyé wọn sílẹ̀. Ní ilẹ̀ wa, Nigeria Amateur Radio Society ni orúkọ ẹgbẹ́ tí ó kó wọn jọ. Kí a tó gba òmìnira ní ọdún 1960, ZD2 ni àmì ìpè wọn fi ń bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn òmìnira ni a gba 5N. Níbikíbi tí ẹnikẹ́ni bá ti gbọ́ ìpè tí 5N ṣáájú rẹ̀, ó mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé láti Nàìjíríà ni ohùn náà ti wá.

OHUN TÍ OJÚ WA TI RÍ

Àgbẹ̀ kan lè béèrè pé: "Kí ni kàn mí nínú èyí? Ṣé fóònù kò sí lọ́wọ́ mi ni?" Ìbéèrè tí ó tọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí a fi ohun mẹ́ta dáhùn.

Èkíní ni ọ̀rọ̀ ẹlẹ́dẹ̀. Ní ọdún 2020, àrùn ibà ẹlẹ́dẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà wọ ibùdó ẹlẹ́dẹ̀ Gíwá àti Òkè-Àró, ó sì sọ ọ̀pọ̀ olùsìn ẹran di ẹni tí kò ní ohunkóhun mọ́. Àrùn yìí kì í pa ènìyàn, ṣùgbọ́n ó lè pa gbogbo ẹlẹ́dẹ̀ tí ń bẹ nínú ọgbà, kò sì sí oògùn tí í wò ó sàn. Ní orílẹ̀-èdè Kenya ni a ti kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀ ní ọdún 1921. Ó sì wọ ilẹ̀ Nàìjíríà ní ọdún 1997. Láti ọjọ́ tí àrùn bá wọ ara ẹran títí di ọjọ́ tí àmì rẹ̀ yóò hàn lè tó ọjọ́ 4 sí ọjọ́ 19. Láàárín àkókò náà, bàtà olùtọ́jú, àpò oúnjẹ, ọkọ̀ oníbàárà àti àjẹkù oúnjẹ tí a kò sè jinná lè gbé e láti ọgbà kan dé òmíràn. Níwọ̀n bí kò ti sí oògùn, ìròyìn tí ó tètè dé nìkan ni ó lè mú kí aládùúgbò ti ilẹ̀kùn ọgbà rẹ̀ kí ibi tó wọlé. Àwọn àgbà sọ pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ẹni tí ẹran rẹ̀ ń kú, tí ó dákẹ́, tí ó sì sáré kó ìyókù lọ sí ọjà, òun ni ó ń fi àrùn ránṣẹ́ sí gbogbo wa.

Ìkejì ni ọ̀rọ̀ omi. Odò Ọ̀yán ń ṣàn wọ inú odò Ògùn, a sì sé e ní ìdáàmù ní ọdún 1983, kí Èkó àti Abẹ́òkúta lè rí omi mu. Ìdáàmù náà lè gba omi tí ó tó mílíọ̀nù 270 ìwọ̀n mítà onígun mẹ́ta. Nígbà tí òjò bá pọ̀ jù, a gbọ́dọ̀ tú omi sílẹ̀. Àwọn tí ń gbé, tí wọ́n sì ń dáko ní etí odò Ògùn títí dé ìhà Ìṣẹrì ni omi náà ń bá. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2010, omi lé ọ̀pọ̀ ènìyàn kúrò ní ilé wọn ní ẹsẹ̀ odò náà, ní ààlà Ògùn àti Èkó. Omi kì í fò láti Ọ̀yán dé ìsàlẹ̀ odò ní ìṣẹ́jú kan. Ẹni tí ó bá tètè gbọ́ yóò rí àyè kó àgbàdo rẹ̀, ẹran rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí ibi gíga.

Ìkẹta ni pé fóònù pàápàá a máa kú. Òpó fóònù ń fẹ́ iná tàbí dísẹ̀lì. Bí omi bá gba ọ̀nà mọ́ ọkọ̀ dísẹ̀lì lọ́wọ́, òpó náà yóò dákẹ́. Ìgbà mìíràn wà tí ọ̀ràn náà kò tilẹ̀ ti ọ̀dọ̀ wa wá. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, àwọn wáyà ńláńlá tí a tẹ́ sí ìsàlẹ̀ òkun já ní ìhà Côte d'Ivoire, íntánẹ́ẹ̀tì sì dẹ́kun tàbí kí ó máa fà ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Nàìjíríà pẹ̀lú, tí àwọn ilé ìfowópamọ́ kò fi lè ṣiṣẹ́ dáadáa. Ohun tí ó já ní inú òkun níbẹ̀ yẹn ni ó dá ọlọ́jà dúró níhìn-ín.

OHUN TÍ WỌ́N TI ṢE NÍ ILẸ̀ ÒKÈÈRÈ

Ní ọjọ́ 26 oṣù kejìlá ọdún 2004, òkun ru bo àwọn erékùṣù Andaman àti Nicobar ní ilẹ̀ Íńdíà. Obìnrin afìfẹ́ṣe rédíò kan, Bharathi Prasad, wà ní ìlú Port Blair ní ọjọ́ náà pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Eré rédíò ni wọ́n bá lọ síbẹ̀: wọ́n fẹ́ bá àwọn ènìyàn káàkiri ayé sọ̀rọ̀ láti erékùṣù tí a kì í sábà gbọ́ ohùn láti ibẹ̀. Nígbà tí fóònù kú, wọ́n fi eré sílẹ̀. Rédíò wọn ni a fi ń gbé iṣẹ́ láàárín àwọn erékùṣù àti ilẹ̀ Íńdíà, tí àwọn ẹbí fi ń mọ ẹni tí ó yè.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, ìjì líle kan wó òpó iná àti òpó fóònù lulẹ̀ ní erékùṣù Puerto Rico. Ẹgbẹ́ Alágbèélébùú Pupa ti Amẹ́ríkà ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ àwọn afìfẹ́ṣe rédíò, ó ní kí wọ́n wá 50 ènìyàn tí yóò lọ ran òun lọ́wọ́. Ẹ kíyè sí i: ẹgbẹ́ ńlá bẹ́ẹ̀, tí ó ní owó, tí ó ní ọkọ̀, àwọn tí ń fi ìfẹ́ ṣe rédíò ni ó ránṣẹ́ sí.

Kò sí èyíkéyìí nínú wọn tí ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ iṣẹ́ ní ọjọ́ tí ewu dé. Wọ́n ti ń ṣe é ní ọjọ́ tí ayé rọgbọ.

BÍ Ó ṢE Ń ṢIṢẸ́

Oríṣi rédíò méjì ni ó yẹ kí ẹgbẹ́ mọ̀.

Oríṣi kìíní ni rédíò kékeré àfọwọ́mú, tí í máa í lo ìgbì oní mítà 2, láti 144 dé 146 megahertz. Ìgbì yìí a máa lọ tààrà bí ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì. Òkè, ilé gíga àti òrùlé páànù lè dí i lọ́nà. Nítorí náà, gíga áńténà ṣe pàtàkì ju agbára rédíò lọ. Ẹni tí ó dúró ní ilẹ̀ láàárín ilé lè má kọjá kìlómítà díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá gbé áńténà rẹ̀ sórí òpó gíga, ohùn rẹ̀ yóò lọ jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí ni ó dára láti fi so ọgbà pọ̀ mọ́ ọgbà, àti Òkè-Àró pọ̀ mọ́ Mátògùn.

Oríṣi kejì ni rédíò ńlá tí í máa í lo ìgbì gígùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí ìgbì oní mítà 40, ní ìwọ̀n 7 megahertz. Áńténà rẹ̀ kò ju wáyà bàbà kan lọ, tí gbogbo gígùn rẹ̀ tó mítà 20, tí a pín sí méjì ní àárín, mítà 10 ní ọ̀tún, mítà 10 ní òsì. Bí a bá na wáyà yìí sáàárín igi méjì, ní gíga mítà 4 sí 6 sí ilẹ̀, ìgbì náà yóò gòkè lọ sí ojú ọ̀run, ipele afẹ́fẹ́ kan tí oòrùn ti sọ di bí dígí lókè lọ́hùn-ún yóò sì dá a padà sí ilẹ̀, gẹ́gẹ́ bí bọ́ọ̀lù tí a sọ lu àjà. Báyìí ni ohùn láti Òkè-Àró ṣe lè dé Abẹ́òkúta, Ìbàdàn, Òṣogbo àti Àkúrẹ́ láìsí òpó kan ní àárín wọn. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ipele yẹn a dínkù ní agbára. Nígbà náà ni a ó bọ́ sí ìgbì oní mítà 80, tí wáyà tirẹ̀ tó mítà 40.

Bátìrì ọkọ̀ oní fóòtì 12 tó láti gbé rédíò bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́, a sì lè fi páànẹ́ẹ̀lì agboòrùn kún bátìrì náà lójoojúmọ́. Kò fẹ́ jẹnẹrétọ̀, kò sì fẹ́ káàdì.

ÒFIN TÍ Ó DE IṢẸ́ NÁÀ

Rédíò yìí kì í ṣe ohun tí a lè rà ní ọjà kí a sì bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ fi àwọn òfin wọ̀nyí sọ́kàn:

1. Ẹnikẹ́ni tí kò ní ìwé àṣẹ kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ nínú rédíò bí kò ṣe lábẹ́ àbójútó ẹni tí ó ní in, níbi tí òfin bá ti gbà bẹ́ẹ̀. Kí ẹgbẹ́ kọ́kọ́ wádìí lọ́dọ̀ ìjọba àti lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ àwọn afìfẹ́ṣe rédíò.

2. A kò gbọdọ̀ fi í ṣòwò. Iye tí a ń ta ẹlẹ́dẹ̀ tàbí àgbàdo, ìpè oníbàárà àti ìpolówó ọjà kò ní àyè níbẹ̀. Bí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù bá fẹ́ rédíò fún òwò, ìwé àṣẹ mìíràn ni yóò gbà fún èyí.

3. Kò sí ẹnà, kò sí àṣírí. Gbogbo ayé ni ó lè gbọ́ ohun tí a bá sọ. Nítorí náà, ẹ má ṣe dárúkọ ọgbà tí ẹ fura sí ní gbangba; dókítà ẹran ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò tí yóò sì fi ìdí òtítọ́ múlẹ̀.

4. Ìpè ìpọ́njú ni ó ṣáájú ohun gbogbo. Bí ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ dákẹ́, ẹ tẹ́tí sílẹ̀, kí ẹ sì ran olúwarẹ̀ lọ́wọ́.

BÍ ẸGBẸ́ ṢE LÈ BẸ̀RẸ̀

Èkíní: Ní ìpàdé yín tí ń bọ̀, ẹ yan ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta. Kí ọ̀kan jẹ́ ọ̀dọ́ tí ó ti kàwé, tí ó sì fẹ́ràn iṣẹ́ iná. Kí ọ̀kan jẹ́ àgbà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìwọ̀n ní àdúgbò. Ẹ má ṣe yọ obìnrin sílẹ̀; ẹ rántí ẹni tí ó jókòó sídìí rédíò ní Port Blair.

Èkejì: Kí ẹgbẹ́ ran àwọn wọ̀nyí lọ́wọ́ láti kẹ́kọ̀ọ́ kí wọ́n sì ṣe ìdánwò. Ẹ má ṣe ra rédíò kí ìwé àṣẹ tó jáde.

Ẹ̀kẹta: Ẹ ra ohun èlò ní àpapọ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹ ti ń ra oúnjẹ ẹran ní àpapọ̀. Kí ó jẹ́ ohun ìní ẹgbẹ́, kí a kọ ọ́ sínú ìwé, kí a sì mọ ẹni tí ó wà ní ìtọ́jú rẹ̀. Rédíò ńlá kan ní ilé ẹgbẹ́ àti àfọwọ́mú díẹ̀ ní àwọn ọgbà tó láti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin: Ẹ má ṣe na áńténà súnmọ́ wáyà iná ìlú, ìbáà ṣe lókè tàbí nísàlẹ̀ rẹ̀. Bí òjò bá ṣú, kí àrá tó bẹ̀rẹ̀ sí sán, ẹ yọ wáyà áńténà kúrò lára rédíò kí ẹ sì gbé e sí ìta.

Ẹ̀karùn-ún: Ẹ dá ìpè-orúkọ sílẹ̀. Èyí ni ó ṣe pàtàkì jù lọ, nítorí náà a ó ṣe àlàyé rẹ̀ síwájú sí i.

ÌPÈ-ORÚKỌ

Ní ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀, ní wákàtí kan náà, kí ẹnìkan jókòó bí alága afẹ́fẹ́. Òun ni yóò pe àmì ìpè kọ̀ọ̀kan ní tẹ̀lé-n-tẹ̀lé. Kí olúkúlùkù dáhùn ní ṣókí: pé òun wà, pé ohùn ń dún ketekete, pé bátìrì kún. Bí a bá pe ẹnìkan lẹ́ẹ̀mẹta tí kò dáhùn, kí ẹnìkan gun ọ̀kadà lọ wò ó ní ọjọ́ kejì.

Nínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà ni èrè wà. Nínú fóònù, ẹni tí ó dákẹ́ kàn dákẹ́ ni. Ẹnikẹ́ni kò kọbi ara sí i. Nínú ìpè-orúkọ, ẹni tí ó dákẹ́ ti sọ̀rọ̀. Ó lè jẹ́ pé bátìrì rẹ̀ kú. Ó lè jẹ́ pé ara rẹ̀ kò yá. Ó sì lè jẹ́ pé ohun kan ń ṣẹlẹ̀ nínú ọgbà rẹ̀ tí ojú ń tì í láti sọ. Bí aládùúgbò bá tètè kàn sí i pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tútù, a ti fi ọjọ́ púpọ̀ gba iwájú àrùn.

Nígbà tí fóònù bá kú tí ewu sì dé, kí a kọ iṣẹ́ sílẹ̀ lórí ìwé kí a tó sọ ọ́. Àpẹẹrẹ kan nìyí:

"Láti Mátògùn, sí dókítà ẹran. Aago méje àárọ̀. Ẹlẹ́dẹ̀ márùn-ún kò jẹun, ara wọn gbóná, etí wọn pọ́n. Méjì ti kú. A ti ti ọgbà, kò sí ẹran tí ó jáde. Ẹ jọ̀wọ́, sà, ẹ wá."

Kí ẹni tí ó gbà á kà á padà láti òkè dé ilẹ̀, kí ẹni tí ó rán an sì wí pé: "Bẹ́ẹ̀ ni." Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n tún un ṣe. Nínú ariwo afẹ́fẹ́, oko, ọkọ́ àti ọkọ̀ lè jọ ara wọn ní etí. Nítorí náà, ẹ sọ ọ̀rọ̀ náà ní ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ sì pe nọ́ńbà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: dípò igba, ẹ wí pé méjì, òdo, òdo. Àwọn onílù wa mọ ọgbọ́n yìí tipẹ́. Onídùndún kì í fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pe ènìyàn. Á fi oríkì gígùn kún orúkọ, kí ẹni tí ń bẹ lókèèrè má baà ṣì í gbọ́.

Ọ̀RỌ̀ ÌKẸYÌN

A kò sọ pé kí ẹ sọ fóònù nù. Fóònù ni kí ẹ fi pe oníbàárà, òun ni kí ẹ sì kọ́kọ́ fi pe dókítà ẹran. Bẹ́ẹ̀ ni a kò sọ pé rédíò yóò wo ẹlẹ́dẹ̀ sàn tàbí kí ó dá omi odò Ògùn dúró. Ohun tí a ń wí ni pé kí ojú má ríbi, ẹsẹ̀ ni oògùn rẹ̀. Ẹsẹ̀ kò sì lè sáré bí etí kò bá kọ́kọ́ gbọ́.

Ìlànà ẹgbẹ́ rédíò kò yàtọ̀ sí ti alájẹṣẹ́kù: ìpàdé tí a kì í pa jẹ, ìwé tí a ń kọ, ìgbẹ́kẹ̀lé láàárín aládùúgbò. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ bí a ti ń dá owó jọ ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ títí yóò fi di ohun ńlá ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

Kí akọ̀wé ẹgbẹ́ ka ìwé yìí sókè ní ìpàdé, pàápàá fún àwọn tí kò lè kà á fúnra wọn. Lẹ́yìn náà, kí alága béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo lọ́wọ́ gbogbo yín: bí ẹlẹ́dẹ̀ kan bá bẹ̀rẹ̀ sí kú ní ọgbà ìpẹ̀kun ní alẹ́ òní, tí fóònù kò sì ṣiṣẹ́, ta ni yóò mọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́? Ní ìdáhùn yín ni ẹ ó ti mọ̀ bóyá ó tó àkókò láti bẹ̀rẹ̀.